Ta Ló Di Okùn Náà Mú?
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)



Ẹ ti gbọ́ pé àwọn ọ̀gá fẹ́ mú ọ̀nà iṣẹ́ tuntun wọlé, tí wọ́n ń pè ní “agile”. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ti wá. Òótọ́ ni: àwọn mẹ́tàdínlógún pàdé ní Utah, ní Amẹ́ríkà, ní 2001, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí a máa ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí a tètè gbé e fún ẹni tí yóò lò ó, kí a sì fọkàn tán ẹni tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n apá kan ìmọ̀ yìí ti wà tipẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota, ní Japan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Fremont, ní California. General Motors ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà pa ní 1982. Ìjà ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ kò tán níbẹ̀, ọkọ̀ tó ń jáde kò sì dára. Ní 1984, òun àti Toyota jọ tún un ṣí, wọ́n pè é ní NUMMI. Àwọn wo ni wọ́n gbà? Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ ọ̀hún ló pọ̀ jù, pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn, UAW! Láìpẹ́, ọkọ̀ wọn wà lára èyí tó dára jù ní General Motors.

Kí ló yí padà? Okùn kan ni. Ẹni tó bá rí àṣìṣe yóò fà á, olórí ìsọ̀rí rẹ̀ yóò sáré wá ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá tètè ṣe é ṣe, láìnì yóò dúró, ẹnikẹ́ni kò sì ní bú u. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ bí ẹ bá lè sọ pé bíréèkì bọ́ọ̀sì yìí kò dára, n kò ní gbé e jáde, tí iṣẹ́ kò sì bọ́ lọ́wọ́ yín. Okùn náà kò sì dá wà: àdéhùn wà pé a kò ní dá òṣìṣẹ́ dúró àfi bí ọ̀ràn bá le gan-an. Nígbà tí ọjà kùtà ní nǹkan bíi 1988, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ni wọ́n fi àwọn ènìyàn sí, wọn kò lé wọn.

General Motors fẹ́ gbé e lọ sí Van Nuys, ní California kan náà. Kò mú. Okùn rọrùn láti so. Ọ̀gá tí wọ́n ń fi iye ọkọ̀ wọn iṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Wọ́n ti Van Nuys pa ní 1992. (NUMMI náà kógbá sílé ní 2010, n kò sọ pé okùn ń ṣe iṣẹ́ ìyanu.)

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí a máa dúró ṣèpàdé kékeré láràárọ̀, a ó lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú àdéhùn: ta ló lè dá iṣẹ́ dúró? Bí a bá sì fi ọgbọ́n wa mú iṣẹ́ yá, ṣé iṣẹ́ ẹnìkan nínú wa ni wọ́n máa fi san án? Akọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti fi kún un, kó mú un wá kó tó di ọjọ́ Jímọ́ọ̀.