Ogun Algiers Nínú Àwòrán: Ohun Tí Sinimá Fi Hàn àti Ohun Tí Ó Bò Mọ́lẹ̀



Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2003, àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan péjọ sí Pentagon, olú iléeṣẹ́ ológun orílẹ̀-èdè wọn, láti wo sinimá. Kì í ṣe sinimá tuntun, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wọn. Sinimá aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, èyí tí ó jáde ní ọdún 1966, tí ó sọ ìtàn bí àwọn Mùsùlùmí ìlú Algiers ṣe dojú ìjà kọ àwọn ọmọ ogun Faransé. Orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí lédè Gẹ̀ẹ́sì ni The Battle of Algiers. Lákòókò náà, ó ti pé oṣù márùn-ún tí Amẹ́ríkà ti wọ Ìráàkì, bọ́m̀bù sì ti ń dún ní Baghdad. Ìwé tí wọ́n fi pe àwọn ènìyàn wá wo sinimá náà kò fi ọ̀rọ̀ bò: wọ́n fẹ́ mọ bí jagunjagun ṣe lè ṣẹ́gun lójú pópó kí ó sì pàdánù nínú ọkàn àwọn ènìyàn.

Sinimá yìí kan náà ni ẹgbẹ́ Black Panther, àwọn adúláwọ̀ tí ó ń ta ko ìjọba Amẹ́ríkà, ti fi ṣe ẹ̀kọ́ tiwọn ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Ẹni tí ó fẹ́ bi ìjọba ṣubú wò ó, ẹni tí ó fẹ́ pa ọ̀tẹ̀ run wò ó. Ó yẹ kí a wádìí irú àwòrán wo ni èyí, ẹni tí ó yà á, ohun tí ó fẹ́ kí a rí, àti ohun tí kò fẹ́ kí a rí.

Ogun tí ènìyàn bá fẹ́ fi pamọ́, orúkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yí padà. Faransé kọ lu Àlgéríà ní ọdún 1830, ó sì sọ ilẹ̀ náà di apá kan orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ FLN, ẹgbẹ́ tí ó ń jà fún òmìnira, gbé ohun ìjà ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1954, ìjọba Paris kò gbà láti pe é ní ogun. Ṣé ènìyàn a máa bá ara ilé rẹ̀ jagun ni? "Ìṣẹ̀lẹ̀" ni wọ́n pè é. Iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun sì di títọ́jú àlàáfíà ìlú. Nítorí náà, àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n ogun, ọ̀daràn ni wọ́n, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bẹ́ orí ọ̀daràn sì wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Algiers fún wọn. Ogun náà parí ní ọdún 1962. Ọdún 1999 ni ilé aṣòfin Faransé tó fi òfin gbà pé ogun ni ogun náà.

Ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n fi jà. Ẹ̀ka kan wà nínú iṣẹ́ ológun Faransé, Ẹ̀ka Karùn-ún, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ọkàn àwọn ènìyàn. Ìwé ìléwọ́, gbohùngbohùn, pósítà àti ọkọ̀ tí ó ń gbé sinimá lọ sí àwọn abúlé ni ohun ìjà ẹ̀ka náà. Ọ̀kan nínú àwọn pósítà wọn dojú kọ àwọn obìnrin Mùsùlùmí tí ó ń lo haik, aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ tí ó bo gbogbo ara. Ó ń bi wọ́n léèrè bóyá wọn kò lẹ́wà ni, ó sì ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí ojú wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1958, wọ́n kó àwọn obìnrin jọ sí gbàgede ní Algiers àti ní àwọn ìlú mìíràn, wọ́n ń bọ́ ìbòjú lójú gbogbo ènìyàn, àwọn ayàwòrán sì ń yà wọ́n. Àwòrán wọ̀nyí tàn kálẹ̀ ayé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé àwọn obìnrin Àlgéríà fẹ́ràn Faransé.

Àwọn onímọ̀ ìtàn ti tú àṣírí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn ológun ló ṣètò púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní Constantine, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n mú gun orí pèpéle. Arákùnrin rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì jẹ́ kí ó yé e pé ẹ̀mí arákùnrin náà wà lọ́wọ́ ohun tí òun bá ṣe. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni pé ọmọbìnrin náà kì í lo ìbòjú tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi wọ̀ ọ́ kí ó lè rí nǹkan bọ́. Ẹni tí ó bá wo fọ́tò náà kò lè mọ èyí láéláé, nítorí pé fọ́tò kò purọ́ nípa ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Àwọn tí ó to nǹkan síwájú rẹ̀ ni ó purọ́.

Rédíò ńkọ́? Frantz Fanon, dókítà adúláwọ̀ láti Martinique tí ó darapọ̀ mọ́ FLN, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1959. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Àlgéríà kì í fẹ́ rí rédíò nínú ilé wọn, nítorí ohùn Faransé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí FLN dá iléeṣẹ́ rédíò tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1956, kò pẹ́ rárá tí rédíò fi tán lórí àtẹ. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ariwo dí ìgbì rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn a jókòó yí rédíò tí ó ń pariwo ṣáá ká, ẹni tí etí rẹ̀ bá sún mọ́ ọn jù lọ a sì máa sọ fún àwọn yòókù ohun tí ó gbọ́. Ìgbà mìíràn, kò gbọ́ nǹkan kan. Ogun tí àwọn ènìyàn fẹ́ gbọ́ ni ó sọ fún wọn. Fanon kò bá wọn wí nítorí èyí. Ṣùgbọ́n olùgbọ́ tí ó ní òye yóò rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ìpolongo tí ń ta gbòǹgbò, láàárín ohun tí a gbọ́ àti ohun tí ó wù wá kí a gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà sórí sinimá. Saadi Yacef ni olórí àwọn ajàjàgbara FLN ní Algiers. Wọ́n mú un ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1957, wọ́n dájọ́ ikú fún un, wọn kò sì pa á. Nínú ẹ̀wọ̀n ni ó ti kọ ìtàn ogun náà. Lẹ́yìn òmìnira, ó lọ bá Gillo Pontecorvo, olùdarí sinimá ará Ítálì, kí ó bá òun sọ ọ́ di sinimá. Pontecorvo ka ohun tí Yacef mú wá, ó sì kọ̀ ọ́: ìpolongo lásán ni, ó ní, kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Òun náà ní èrò tirẹ̀, ìtàn ọmọ ogun Faransé kan tí ó di oníròyìn, tí gbajúmọ̀ òṣèré Amẹ́ríkà yóò ṣe. Yacef náà kọ ìyẹn: ogun Àlgéríà ha lè di ìtàn òyìnbó kan bí? Kíkọ̀ méjèèjì yìí ni ó bí sinimá náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti gbà fún èkejì, bóyá kò sí ẹni tí ì bá tún máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ará Algiers lásán ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣe gbogbo òṣèré rẹ̀. Yacef fúnra rẹ̀ kó ipa olórí tí ó ti jẹ́ rí. Òṣèré kan ṣoṣo tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ eré ni Jean Martin, ọmọ Faransé, tí ó kó ipa ọ̀gágun Mathieu. Ó wà lára àwọn 121 tí ó fọwọ́ sí ìwé ìtakò ogun náà ní ọdún 1960. Pontecorvo mú kí àwòrán náà rí bí ti ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ àwòrán ìròyìn tòótọ́. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1965, nígbà tí Boumediene gba ìjọba lọ́wọ́ Ben Bella, àwọn kan rí ọkọ̀ ogun ní ìgboro, wọ́n sì rò pé sinimá ni wọ́n tún ń ṣe.

Ibi tí agbára sinimá yìí wà ni ètò tí ó fi to ìṣẹ̀lẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1956, àwọn òyìnbó kan tí ó ti tẹ̀dó sí Algiers gbé bọ́m̀bù sí òpópónà Thèbes ní Casbah, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú oorun. Ìyẹn ni sinimá náà kọ́kọ́ fi hàn. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin mẹ́ta jókòó síwájú dígí, wọ́n bọ́ haik, wọ́n gé irun, wọ́n múra bí obìnrin Faransé, kí wọ́n lè gbé bọ́m̀bù kọjá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun. Bíbọ́ ìbòjú tí Ẹ̀ka Karùn-ún fẹ́ fi ṣe àmì ìtẹríba ti di ohun ìjà lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, bọ́m̀bù dún ní Milk Bar. Ṣùgbọ́n kí ó tó dún, sinimá náà mú ojú wa lọ yí ilé náà ká: àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń jó, ọmọ kékeré tí ó ń lá áísìkiríìmù. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé àwọn wọ̀nyí ni yóò kú. Ìpolongo kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpolongo kì í fi ojú ọmọ ọ̀tá hàn.

Ìdí nìyí tí ó fi dun Faransé. Nígbà tí wọ́n fún sinimá náà ní ẹ̀bùn kìnnìún oníwúrà ní Venice ní ọdún 1966, àwọn aṣojú Faransé jáde kúrò níbẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ará ìlú wọn wò ó títí ó fi di nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n sì gbà, wọ́n kọ lu àwọn ilé sinimá tí ó fi í hàn. Ohun tí wọn kò fẹ́ kí a rí ni ìfìyàjẹni: omi, iná mànàmáná, ẹ̀rọ tí ń jó ẹran ara. Larbi Ben M'hidi, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá FLN sílẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ wọn ní oṣù kejì ọdún 1957. Ìjọba kéde pé ó pokùnso. Ní ọdún 2001, ọ̀gágun Aussaresses kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ló pa á. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ààrẹ Faransé, Emmanuel Macron, gbà pé àwọn ọmọ ogun ni ó pa á. Ọdún 67 kọjá láàárín irọ́ àti ìjẹ́wọ́.

Ogun yìí kò jìnnà sí Nàìjíríà pẹ̀lú. Ní aṣálẹ̀ Sàhárà ti Àlgéríà ni Faransé ti ń dán bọ́m̀bù átọ́míìkì rẹ̀ wò láti oṣù kejì ọdún 1960, nígbà tí ogun ṣì ń lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1961, Nàìjíríà, tí òmìnira rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́rin, lé aṣojú Faransé jáde.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tí ó fẹ́ràn sinimá yìí kì í béèrè ohun tí kò sí nínú rẹ̀. FLN nìkan kọ́ ni ó fẹ́ òmìnira. Messali Hadj àti ẹgbẹ́ rẹ̀, MNA, ti ń jà fún un tipẹ́, ẹgbẹ́ méjèèjì sì pa ara wọn lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 1957, nígbà tí ogun Algiers ń gbóná, àwọn ọmọ ogun FLN pa nǹkan bí 300 ọkùnrin, Mùsùlùmí bíi tiwọn, ní agbègbè Melouza, nítorí pé wọ́n ń ṣe ti ẹgbẹ́ kejì. Faransé sáré gbé àwọn ayàwòrán lọ síbẹ̀, ó sì fi àwòrán òkú náà ránṣẹ́ káàkiri. FLN sọ pé Faransé ló pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rere gba FLN gbọ́, nítorí wọ́n mọ irú ẹni tí Faransé jẹ́. Òtítọ́ ni ìpànìyàn náà. Ìpolongo ni ohun tí Faransé fi í ṣe. Àwọn méjèèjì lè wà pọ̀. Àṣẹ tí ó wà nínú Súúrà al-Hujurát nípa ìròyìn tí ẹni burúkú bá mú wá, wíwádìí ni ó pa láṣẹ. Kò ní kí a sọ pé irọ́ ni kí a tó wò ó.

Nínú sinimá náà, kò sí Messali, kò sí Melouza. Orílẹ̀-èdè tí FLN nìkan ṣoṣo jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ni wọ́n ti yà á, ọwọ́ olórí FLN àtijọ́ ni apá kan owó rẹ̀ sì ti wá. Ibi kan wà tí FLN ti ń fọ Casbah mọ́ kúrò nínú ọtí àti aṣẹ́wó, tí àwọn ọmọdé ń wọ́ ọ̀mùtí arúgbó kan nílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yọ̀ sí i. Ó yẹ kí wọ́n tún ojú ọkùnrin arúgbó náà wò.

Àwọn ọ̀gá Pentagon wo gbogbo èyí ní oṣù kẹjọ ọdún 2003: omi, iná mànàmáná, ọkùnrin tí wọ́n fìyà jẹ títí ó fi sọ ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Wọ́n wò ó títí dé òpin, níbi tí gbogbo ará ìlú ti tú jáde sí ìgboro ní oṣù kejìlá ọdún 1960, lẹ́yìn tí Faransé ti rò pé òun ti ṣẹ́gun. Ní oṣù kẹrin ọdún 2004, tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà fi àwòrán àwọn ẹlẹ́wọ̀n Ìráàkì hàn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Abu Ghraib, níhòòhò, pẹ̀lú àpò lórí wọn, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì dúró tì wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ogun náà ló ya ara wọn. Púpọ̀ nínú àwòrán náà ni wọ́n yà láàárín oṣù kẹwàá àti oṣù kejìlá ọdún 2003.