Orúkọ Tí Kóòtù Kọ Sílẹ̀

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tọpa ìdílé. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé oríkì ni mo fẹ́ kì, ẹ fara balẹ̀. Amẹ́ríkà ni mò ń lọ, níbi tó jẹ́ pé ìwé kóòtù ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú fi ń wá baba ńlá wọn.

Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà ní Virginia nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. John Punch ni wọ́n ń pè é. Hugh Gwyn ni ọ̀gá tó ń sìn. Lọ́dún 1640, òun àti ìránṣẹ́ méjì mìíràn, Victor ará Họ́láńdì àti James Gregory ará Skọ́tláǹdì, sá lọ sí Maryland. Wọ́n mú wọn padà. Ní July 9 ọdún náà, ìgbìmọ̀ gómìnà, tó ń jókòó bíi kóòtù, ní kí wọ́n na ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹgba 30. Títí débẹ̀, ó dọ́gba. Àwọn òyìnbó méjèèjì, wọ́n ní kí wọ́n fi ọdún kan kún iye tí wọ́n máa sin ọ̀gá wọn, kí wọ́n tún sin ìlú fún ọdún 3. John Punch ńkọ́? Kó máa sìn títí dọjọ́ ikú. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ṣẹ̀ o!

Ní 2012, àwọn olùwádìí iléeṣẹ́ Ancestry kéde pé ó jọ pé àtọmọdọ́mọ John Punch ni Barack Obama, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Gbogbo wa rò pé ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ ará Kẹ́ńyà nìkan ló ti ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà. Rárá. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, Stanley Ann Dunham, òyìnbó tí wọ́n bí ní Kansas, ni wọ́n tọ ọ̀nà yìí gbà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá, wọ́n ń padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀, ìwé ogún, títí wọ́n fi dé ìdílé Bunch ní Virginia ayé àtijọ́. Punch, Bunch: bí etí akọ̀wé bá ṣe gbọ́ ló ṣe ń kọ ọ́. (Àwọn kan nínú wa ṣì ń jẹ́ orúkọ tí akọ̀wé ṣì kọ sínú rẹjísítà. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.) Wọ́n wá yẹ DNA àwọn ọkùnrin ìdílé Bunch wò, ìyẹn èyí tí baba ń fún ọmọkùnrin nìkan. Ó fi hàn pé ará Áfíríkà ni baba ńlá wọn. Ẹ̀jẹ̀ Obama fúnra rẹ̀ ò lè sọ èyí, nítorí obìnrin ti wọ àárín ìlà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Kò sí ìwé kankan tó kọ ọ́ pé Punch ló bí Bunch. Púpọ̀ nínú ìwé kóòtù àtijọ́ Virginia ló jóná ní Richmond lọ́dún 1865, nígbà ogun abẹ́lé wọn. Orúkọ tó jọra, DNA, àti pé aláwọ̀ dúdú ò pọ̀ ní Virginia nígbà yẹn, òun ni wọ́n so pọ̀. Wọ́n pè é ní ẹ̀rí tó lágbára, wọn ò pè é ní àrídájú.

Èmi akọ̀ròyìn yín, nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo kọ ọ́ gbàgà pé “Punch ni baba ńlá Obama.” Àfi bíi pé mo gbọ́ ohùn olùkọ́ wa tó kọ́ wa ní ìtàn: “Ìwọ yìí, ta ló sọ fún ọ?” Ni mo bá fà á rẹ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ ará ọ̀hún, tí ọmọ-ọmọ yín ń béèrè ìdílé, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fo ti ìyá. Ẹ jẹ́ kí n jókòó, oúnjẹ ti ń tutù.