Nígbà Tí Ará Ọ̀run Bá Jáde

Ọdún eégún, ará ọ̀run, la fẹ́ là yé ara wa lónìí, Ìgbòho la sì ti máa bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ Ìgbòho? Ìlú yìí ti ṣe olú ìlú Ọ̀yọ́ rí, lẹ́yìn tí ogun Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ọba mẹ́rin ló jẹ níbẹ̀, kí Abípa, ìkẹrin wọn, tó kó ààfin padà sílé. Samuel Johnson sì sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀, tó jáde ní 1921, pé ọwọ́ Tápà yìí kan náà ni Ọ̀yọ́ ti gba awo eégún, láyé Aláàfin Òfinràn.

Báwo ni ọdún náà ṣe ń lọ? Alágbàá, olórí awo eégún, àtàwọn àgbà awo á kọ́kọ́ ṣètùtù ní ìgbàlẹ̀, igbó eégún. Lẹ́yìn náà leégún á jáde, ẹ̀kú, aṣọ eégún, á bò ó látorí délẹ̀. Atọ́kùn á máa tọ́ ọ láti agbo ilé dé agbo ilé. Bí bàtá bá dún, tí eégún sì yí bìrí, gbogbo aṣọ ara rẹ̀ á fẹ́ sókè.

Eégún ń fẹsẹ̀ rìn, ó ń jó, ó sì ń súre.

Bí ẹ bá pàdé eégún, ẹ yà fún un. Kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ bi atọ́kùn.