Àlejò Tó Mọ Ọjọ́ Ọjà: Ìgbé Ayé Àwọn Míṣọ́nárì Láàárín Wa, àti Ohun Tó Kàn Wá Níbẹ̀

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn àti ìdàgbàsókè ìlú. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, torí náà mo mú ẹyọ kan níbẹ̀: báwo ni ènìyàn ṣe ń gbé ìgbé ayé ojoojúmọ́ rẹ̀ níbi tí ọdún tirẹ̀ kì í ti í ṣe ọdún àwọn tó yí i ká?

Ẹ wo ọmọ wa tó bá lọ wàásù tàbí tó lọ ṣe tíṣà ní Thailand lónìí. Ẹlẹ́sìn Buddha ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá kì í ṣe ìsinmi ìjọba lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ Kérésì bá a lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ ilé ìwé ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù Kẹrin, láti ọjọ́ kẹtàlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, gbogbo ìlú á dá iṣẹ́ dúró fún ọdún Songkran. Wọ́n á máa wọ́n omi síra wọn lára, àwọn ọmọdé á da omi sí ọwọ́ àgbàlagbà láti fi bọ̀wọ̀ fún wọn. Ọmọ Òṣogbo tó bá rí i, ó dájú pé yóò rántí odò kan nílé.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Àwa náà ti gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ rí.

Ní 1853, David Hinderer, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ CMS, àti Anna ìyàwó rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Kúdẹtì ni wọ́n kọ́lé sí. Nígbà náà, kò sí ẹni tó ń ka ọjọ́ méje sí ọ̀sẹ̀, àfi àwọn Mùsùlùmí tó mọ Jímọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ tiwa: ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta, ọjọ́ Ọbàtálá. Ọjà náà ń tẹ̀ lé kíkà yẹn. Ẹni tó bá ní Sunday ni ọjọ́ Olúwa, ìṣirò tuntun ló gbé wọ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò yẹn díẹ̀. Ọjà tó ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin yóò bọ́ sí ọjọ́ Sunday lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìyẹn jẹ́ bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá lọ́dún. Ìyá tó ń ta iyọ̀, tó sì fẹ́ gba Jésù, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá ni yóò yàn láàárín ìjọsìn àti owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kì í parí sórí àga ìwàásù. Inú àpò àti inú ìkòkò ló ń dé.

Kí ni Anna ń ṣe lójoojúmọ́? Ẹ má rò pé ìwàásù ni ṣáá. Ó ń kọ́ ọmọ ní ìwé, ó ń kọ́ wọn ní abẹ́rẹ́ àti òwú, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń tọ́jú aláìsàn, òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣàìsàn ibà léraléra. Olóyè Olúnlóyọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ méjì, Yejídé àti Akínyẹlé, lé e lọ́wọ́. Ẹ dákun, ẹ rò ó wò: ológun ńlá ìlú Ìbàdàn kó ọmọ fún obìnrin àjèjì. Kò tíì mọ Bíbélì tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwà obìnrin náà ló wò. Àwọn ọmọ ilé náà ń pè é ní Ìyá.

Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí. Owó kò wọlé, ọjà òkè òkun kò wọlé. Àwọn méjèèjì àti àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn jọ fara da ebi. Wọ́n ń ta ẹrù inú ilé kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ. Bí Kérésì ṣe ń dé lọ́dún ogun, ó ń bá wọn nínú àìní bí ó ṣe ń bá àwọn aládùúgbò wọn. Ní 1865 ni Gómìnà Glover tó wà l'Ékòó tó rán ènìyàn wá la igbó Ìjẹ̀bú kọjá láti gbé Anna jáde. Kò sí ìwàásù tó ju pé kí o bá ènìyàn jẹ gbẹ̀ẹ́ ní ọdún ìyàn.

Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà lè máa sọ pé, "Ìbàdàn lò ń sọ yìí, kí ló kàn wá?" Ó kàn wá dáadáa. Lára àwọn ọmọ tó kàwé lábẹ́ Hinderer ni Samuel Johnson wà, ẹni tó wá kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Nígbà ogun Kírìjì, tí Ògèdèngbé wa àti àwọn Èkìtìparapọ̀ dojú kọ Ìbàdàn, Johnson àti Charles Phillips ni wọ́n rán sáàárín àgọ́ méjèèjì. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Kúdẹtì wá di ẹsẹ̀ tí àlàáfíà fi rìn dé ọ̀dọ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ohun tí Anna ń ṣe lójoojúmọ́ láìsí ariwo, èso rẹ̀ kàn wá lára lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ó lé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ilé.

Gbogbo wa la mọ Wesley Guild n'Íléṣà. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ibẹ̀ ni wọ́n bí wa sí. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá ọsibítù náà sílẹ̀ kó tó wá di ara ọsibítù ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní 1956, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ David Morley wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì lo bí ọdún márùn-ún. Ohun tó bá nílẹ̀ ni àwọn ọmọdé tí èéyi, ikọ́, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunre kánú ń pa. Tí ìyá bá fi máa gbé ọmọ dé Iléṣà, ọ̀rọ̀ á ti bọ́ sórí.

Dókítà yìí lè jókòó sínú ọsibítù kó máa dúró de aláìsàn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì gbé iṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n dá kíníìkì sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń tẹ̀ lé ọmọ láti ọjọ́ ìbí, wọ́n ń gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe dókítà. Àwọn ọmọ wa obìnrin tó gbọ́ èdè ìyá ọmọ, tó mọ ìgbà tó ń lọ oko àti ìgbà tó ń bọ̀, ni wọ́n wà nídìí rẹ̀.

Níbẹ̀ ni káàdì kan ti jáde. Ìlà tó ń gòkè wà lórí rẹ̀. Tí ọmọ bá ń dàgbà dáadáa, àmì rẹ̀ á máa tẹ̀ lé ìlà yẹn. Tí àmì bá dúró sójú kan tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ìyá á ti rí i kí ọmọ tó dákú. Ìyá ló ń gbé káàdì náà lọ sílé, kì í ṣe ọsibítù ló ń tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ìyá tí kò mọ̀wé náà lè rí i bóyá ìlà ń gòkè. Káàdì yẹn rin ìrìn àjò kúrò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì gba irú rẹ̀ lò. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé tí nọ́ọ̀sì ń fi ìlà ìwọ̀n ọmọ yín hàn yín, ẹ má ṣe wò ó bí ohun àjèjì. Ìmẹ̀sí-Ilé wà nínú ìtàn irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wò ó. Anna àti Morley, ọgọ́rùn-ún ọdún ló wà láàárín dídé wọn. Ohun kan náà ló mú kí iṣẹ́ wọn dúró: wọ́n fi ọjọ́ tiwọn sínú ọjọ́ àwọn ará ìlú. Àgbà ní ìlú tí a bá dé, àṣà ibẹ̀ là ń dá. Kò túmọ̀ sí pé kí o ta ẹ̀sìn rẹ. Àwọn méjèèjì kò ta tiwọn. Ó túmọ̀ sí pé kí o mọ ìgbà tí ẹnìkejì rẹ ń sinmi, ìgbà tó ń ná ọjà, ìgbà tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Ẹgbẹ́ wa lónìí, ẹ̀sìn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Òṣogbo ní ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, igbó Ọ̀ṣun sì ti wà lára ohun àjogúnbá àgbáyé UNESCO láti 2005. Ìpínlẹ̀ wa ń fi ogúnjọ́ oṣù yẹn kan náà sinmi fún Ìṣẹ̀ṣe. Ìjẹ̀ṣà ní Ìwúde. A ní Iléyá, a ní Àjíǹde, a ní Kérésì. Ṣùgbọ́n kí ló ń ṣẹlẹ̀? Tí ìpàdé bá bọ́ sí àsìkò ọdún ìbílẹ̀, àwọn kan ò ní wá, wọ́n á ní òrìṣà wà ńbẹ̀. Tó bá bọ́ sí Kérésì, àwọn mìíràn á ní ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Owó ìdàgbàsókè á wá máa ta ọ̀tá níbẹ̀. Ọ̀nà kíníìkì kò mọ ẹni tó ń kírun yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọrin. Ọmọ tí ibà ń ṣe kò ní ẹ̀ka ẹ̀sìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ̀yin lẹ mọ ìtúmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí jù. Ọjọ́ Iléyá bá yín lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ Ìwúde, orí fóònù lẹ ti ń wò ó, nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ni míṣọ́nárì ìlú wa níbi tí wọn kò ti mọ ọdún yín. Ẹ mọ bó ṣe ń dùn tí aládùúgbò bá béèrè pé, "Ọdún yín ńkọ́?"

Àbá mi kò pọ̀, mẹ́ta péré ni.

Àkọ́kọ́, kí akọ̀wé wa tẹ́ kàlẹ́ńdà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ kó tó mú ọjọ́ ìpàdé ńlá. Kí ìpàdé má gun orí ọdún ẹnikẹ́ni.

Ìkejì, ìgbàkigbà tí a bá wálé lọ́pọ̀, ìbáà jẹ́ fún Ọ̀ṣun, Ìwúde, Iléyá tàbí Kérésì, kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún wíwọn ọmọdé àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ní kíníìkì tó sún mọ́ wa. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tó wá sinmi, ẹ fún wa ní wákàtí mẹ́ta. Kí ẹgbẹ́ ra ìwọ̀n, kó tẹ káàdì. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo káàdì yìí dáadáa. Ìtìjú ni tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò bá ní ọ̀kan lónìí.

Ìkẹta, àwọn ìyá àgbà tó gbé ọmọ lọ sí kíníìkì Ìmẹ̀sí-Ilé nígbà náà, àti àwọn nọ́ọ̀sì tó bá wọn ṣiṣẹ́, àwọn tó kù ti dàgbà gan-an. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Orúkọ dókítà wà nínú ìwé. Orúkọ àwọn obìnrin wa tó ru iṣẹ́ náà kò pọ̀ níbẹ̀. Àwa la ó kọ ọ́.

Àlejò ló wá kọ́ wa bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ ẹlòmíràn. Kí onílé má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò gbàgbé. Tí ẹ bá fara mọ́ àbá yìí, ẹ sọ ọ́ sórí àwùjọ wa. Tí ẹ kò bá fara mọ́ ọn, ẹ sọ ìyẹn náà, kí a jọ tún un ṣe ṣáájú ìpàdé tó ń bọ̀.

Ilé á tù wá, ọ̀nà á là fún àwọn tó wà lẹ́yìn odi. Òṣogbo á dùn, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà á gòkè. Àṣẹ, Àmín, Àmíìn.