Káńsù Méjì, Ẹdẹ Kan

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá àwọn ọmọ Ẹdẹ nílé lóko sọ

Ẹdẹ Mápó Arógun kò ní dàrú mọ́ wa lórí.

Bí ẹ bá wà lórí àwọn gúrúùpù WhatsApp wa, ẹ ó ti rí àbá tó ń lọ káàkiri: pé kí a pín ẹ̀ka ọ̀dọ́ sí méjì, ti Àríwá Ẹdẹ lọ́tọ̀, ti Gúúsù Ẹdẹ lọ́tọ̀. Ìpàdé tó ń bọ̀ la máa dìbò lé e lórí. Kí ẹ tó dìbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ wo bí ààlà yìí ṣe jẹ́, torí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ló rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá ìlú nìyẹn.

Nígbà tí àwọn òbí wa wà léwe, ìjọba ìbílẹ̀ Ẹdẹ kan ṣoṣo ló wà. Ìjọba ló pín in. Lónìí, Ọjà Tìmì ni olú ìlé iṣẹ́ ti Àríwá wà. Nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 83,831 ni wọ́n kà ní Àríwá, wọ́n ka 76,035 ní Gúúsù. Ẹ ro ó pọ̀: 159,866. Ti ilẹ̀ ńkọ́? Gúúsù fẹ̀ ju Àríwá lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ̀yí túmọ̀ sí pé èrò pọ̀ lápá kan, oko àti abúlé pọ̀ lápá kejì. Ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà lápá kan, oko lápá kejì ló ti já a. Ta la fẹ́ yà sọ́tọ̀ nínú wọn?

Ẹ jẹ́ ká tún padà sẹ́yìn díẹ̀. Ìtàn sọ fún wa pé Aláàfin Kòrí ló rán Tìmì Àgbálé Ọlọ́fà Iná wá síhìn-ín, kó lè máa dáàbò bo àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ tó ń kọjá. Ẹdẹ-Ilé ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, ti walẹ̀ níbẹ̀, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò irú ti Ọ̀yọ́ tó gbe ìtàn náà lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, ìlú kúrò ní Ẹdẹ-Ilé wá sí ibi tí a wà báyìí. Ilẹ̀ yí padà, orúkọ ò yí padà.

Ìjọba náà ń yí padà. Ẹdẹ wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, ó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti ọdún 1976, ó bọ́ sábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Bàbá ẹlòmíì nínú yín ti gbé nínú gbogbo rẹ̀ láìkó kúrò nínú ilé kan náà. Ẹ wo àwọn Tìmì wa pẹ̀lú. Tìmì Habíbù Lágúnjú wà lára àwọn ọba Yorùbá tó kọ́kọ́ jẹ́ Mùsùlùmí. Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè, tó gorí oyè ní 1946, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni, ọ̀gá sì ni nídìí ìlù dùndún. Ẹ̀sìn ọba yàtọ̀, ìlú ò tìtorí ẹ̀ pín.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Norway, létí òkun, àgbègbè kan wà tí wọ́n ń pè ní Haram. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba da káńsù wọn pọ̀ mọ́ ti ìlú Ålesund, Haram ò sì ní káńsù tirẹ̀ mọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ò gbà. Wọ́n jà fún un títí tí wọ́n fi gba káńsù wọn padà ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ní gbogbo ọdún mẹ́rin yẹn, ọmọ Haram ṣì mọ ara rẹ̀ ní ọmọ Haram. Ohun tí bíbéèlì ìjọba bá fà, ó lè pa á rẹ́ lọ́la. Ẹgbẹ́ tí àwọn èèyàn bá fọwọ́ ara wọn tú ká, ta ló máa bá wọn kó o jọ?

Mo mọ̀ pé àwọn tó mú àbá yìí wá ní ìdí. Ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú, fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ṣẹ́, owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, káńsù ni gbogbo ẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ọmọ Gúúsù bá lọ sí káńsù Àríwá, wọ́n á ní kó padà síbi tó ti wá. Òótọ́ ni, ó sì ń dùn wá. Àmọ́ ṣé torí pé ẹnu ọ̀nà ilé jẹ́ méjì la ṣe máa fi ògiri la ilé sí méjì?

Àbá tèmi rèé. Ká jẹ́ ẹgbẹ́ kan, olùdarí kan, àpò owó kan. Ká wá yan aṣojú méjì, ọ̀kan tí á máa tọ káńsù Àríwá lọ, èkejì tí á máa tọ ti Gúúsù lọ, kí àwọn méjèèjì sì máa jábọ̀ lórí gúrúùpù kan náà. Bí fọ́ọ̀mù bá jáde lápá kan, kí gbogbo wa gbọ́ lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó, ní Àbújá, ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yin náà ẹ dá sí i. Kò sẹ́ni tó ń bi yín níbẹ̀ pé Àríwá ni tàbí Gúúsù. Ọmọ Ẹdẹ ni wọ́n ń pè yín. Ẹ kọ èrò yín sórí gúrúùpù kí ìpàdé tó dé, ẹni tó bá lè wá, kó wá dìbò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹdẹ á gbè wá o.