Ẹ̀rí Inú Dígí

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́.

Bí ẹ bá dé Apple Junction ní Amuwo-Odofin, lẹ́bàá Festac Town, nígbà tí iṣẹ́ bá ṣẹ́, ẹ ó rí èrò tí ń dù láti wọkọ̀. Wọ́n fún mọ́ra, ṣùgbọ́n wọn kò tò. Báyìí gan-an ni átọ́ọ̀mù, àwọn ohun tíntìntín tí a fi mọ ohun gbogbo, ṣe wà nínú dígí. Nínú hóró iyọ̀, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ilé-ìwé ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá yọ́ iyanrìn di dígí, ó máa ń tutù kí wọ́n tó rí àyè tò.

Ní ọdún 1993, Yuhu Wang àti Junichi Ohwaki ròyìn dígí kan tí wọ́n fi fluorine sí. Wọ́n tún fi ooru díẹ̀ kàn án, àwọn hóró kéékèèké sì tò láàárín èrò náà. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń kọjá láìkọsẹ̀. Dígí náà ṣì mọ́ gaara. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí wọ inú rẹ̀, ó sì jáde ní èyí tí ojú ń rí, nítorí erbium tí ó wà níbẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ ohun tí ó wà nínú dígí? Ìmọ́lẹ̀ ni a fi ń bi í léèrè. Bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ní ilà ojú tirẹ̀ láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni èròjà kọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Bí a bá fi ẹ̀rọ ta á jí, ìmọ́lẹ̀ tí ó tàn jáde ni yóò sọ orúkọ rẹ̀.

Irú àyẹ̀wò yìí wà lára ohun tí ó gba ẹ̀tọ́ Ilé-Ifẹ̀ padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ kan rò pé òkèèrè ni dígí ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ ti wá, pé ńṣe ni àwọn baba wa kàn ń tún un yọ́. Ní ọdún 2006, Akin Ige, James Lankton àti Thilo Rehren kọ̀wé pé kálísíọ́mù àti alumíníọ́mù pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti dígí òkèèrè lọ. Ilẹ̀ wa ni a ti ṣe é. Ní 2011 àti 2012, Abidemi Babatunde Babalola wú ilẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ifẹ̀. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 12,000 lọ, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí a fi yọ́ dígí. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ nínú ilẹ̀, tàbí àfọ́kù ìkòkò tí dígí lẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe tà á, ẹ má sì jù ú nù. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ẹ sọ fún àwọn olùtọ́jú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹlẹ́rìí wa ni. Ẹni tí ó bá ta ẹlẹ́rìí ara rẹ̀, báwo ni yóò ṣe jàre?