Ìbúgbàù Ìtànṣán Gámà: Ta Ló Jàre?

Ẹ ti mọ ìtànṣán gámà: ẹbí ìmọ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju ti X-ray lọ. Afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kó dé ilẹ̀, nítorí náà òfurufú ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ ń gbé. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà yóò rántí 1960, nígbà tí Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, tí Nàìjíríà sì lé aṣojú wọn lọ ní oṣù Kìíní 1961. Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ló bí ọ̀rọ̀ òní. Lẹ́yìn àdéhùn 1963 tó ká ìdánwò bọ́ǹbù lọ́wọ́ kò, Amẹ́ríkà rán àwọn sátẹ́láìtì Vela lọ ṣọ́ ẹni tó bá fẹ́ dalẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1967, Vela rí ìbúgbàù ìtànṣán gámà kan tí kò jọ ti bọ́ǹbù. Ọdún 1973 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ray Klebesadel àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ jáde: kò ti ayé wá, kò sì ti oòrùn wá.

Ibo ló ti wá? Ibí ni olùbánisọ̀rọ̀ yín yóò jókòó sí, bí alága tilẹ̀ ń wo aago. Bí ìbọn bá dún lóru lẹ́bàá Iléṣà, ẹni tó wà lórí ibùsùn kò lè mọ̀ bóyá ṣakabùlà ọdẹ ẹ̀yìnkùlé ni tàbí àgbá ńlá lódìkejì òkè. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ní ìtòsí ni, nínú agbo ìràwọ̀ tiwa, nítorí bó bá jìnnà, agbára rẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Bohdan Paczyński, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Poland, ní ó jìnnà réré. Díẹ̀ ló gbà á gbọ́.

Awò awọ̀nàjíjìn Compton gòkè ní 1991. Ẹ̀rọ BATSE orí rẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun tirẹ̀. Àwọn ojú tí ìtànṣán bà jù ló ń tọ́ka ibi tó ti wá. Ìbúgbàù 2,704 ló kà kó tó dákẹ́ ní 2000, wọ́n sì tàn ká ojú ọ̀run dọ́gbadọ́gba. Bó bá jẹ́ pé àárín agbo wa ni, ṣebí orí ìlà funfun tí à ń rí lóru ẹ̀ẹ̀rùn ni wọn ìbá kó jọ sí? Onímọ̀ ìràwọ̀ mìíràn, Donald Lamb, kò gbà. Kì í ṣe òpè: ó ní wọ́n lè yí agbo wa ká látòkèèrè, débi pé wọn yóò dà bí èyí tó tàn ká. Ní oṣù Kẹrin 1995, òun àti Paczyński jiyàn ní gbangba ní Washington, onímọ̀ ìràwọ̀ Martin Rees sì ṣe alága. Kò sẹ́ni tó borí. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń kọ́ ọmọ pé àríyànjiyàn ọjọ́ yẹn ló parí ọ̀rọ̀. Irọ́ ni!

BeppoSAX, sátẹ́láìtì Ítálì àti Netherlands, ló parí rẹ̀, Malindi ní Kẹ́ńyà sì ni ìròyìn rẹ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní Áfíríkà kò sí níbẹ̀, ẹ tún ìwé kà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 1997, ó rí X-ray tó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìbúgbàù kan. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ yẹ ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàù mìíràn wò: ó ti rìn fún nǹkan bíi bílíọ̀nù 7 ọdún kó tó dé. Paczyński ló jàre.

Àkókò ti lọ. Sátẹ́láìtì Swift, tó gòkè ní 2004, ni wọ́n ṣe kó lè máa yíjú síbi ìbúgbàù fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 2017, sátẹ́láìtì Fermi rí ọ̀kan látara ìràwọ̀ neutron méjì (ìyókù ìràwọ̀ ńlá tó ti kú) tó forí gbárí.

Nígbà èwe olùbánisọ̀rọ̀ yín, ìwé kan ni gbogbo kíláàsì ń yí ká. Ọmọ òde òní gbé fóònù dání, eré ló ń wò. Bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni àkọsílẹ̀ Fermi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun (UNIOSUN) àti Yunifásítì Iléṣà, ẹ lọ gbé ìbúgbàù kan sọ̀kalẹ̀, ẹ ya bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gòkè tó ń sọ̀, kí ẹ sì mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.